Camry Muscle, Accord EOD àbí Altima: gíá èwo ló máa gbé mi dé Òmù-Àrán láì dójú tì mí?

Tíṣà_Tanke (Sátidé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ ra mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n má lọ fi owó cooperative ra ẹkún. Tanke ní Ìlọrin ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, ọmọ mẹ́ta, ìyá mi wà ní Òmù-Àrán, ọ̀sẹ̀ méjìméjì la máa ń lọ wò wọ́n. Mánúà ni èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, mo ti tà á torí màdáámù ní òun ò tẹ klọ́ọ̀ṣì mọ́ nínú gosílò Post Office, orúnkún ń dùn ún, mi ò sì lè bá a jiyàn orúnkún.

Mílíọ̀nù mẹ́fà ni gbogbo owó, owó ìwé náà wà nínú ẹ̀. Mẹ́ta ni mo ti lọ wò. Camry Muscle 2008, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, ó ti tó ọdún mélòó kan nílùú, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà á. Accord EOD (End of Discussion) 2004, ẹ́ńjìnnì V6 oníṣílíńdà mẹ́fà, inú ẹ̀ mọ́ rekete, AC ẹ̀ tutù débi pé ẹ ó wá súwẹ́tà wọ̀. Ẹ̀kẹta ni Altima 2010 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Kùtọnu, òun ló rẹwà jù lójú màdáámù.

Ọtọmátíìkì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gíá wọn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, a ó rí ẹni tún un ṣe. Ṣùgbọ́n gíá ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n tú u láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó máa fi di Jímọ̀ inú báàgì sìmẹ́ńtì ni wọ́n kó o sí tí wọ́n gbé e fún un.

ỌmọỌ̀fà_Mọjọ̀ (8:20 alẹ́)

Kí lẹ fẹ́ fi ọtọmátíìkì ṣe? Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwa la máa ń fọwọ́ ara wa bá gíá jà. Mánúà títí ayé!

Alhaja_Fátè (8:31 alẹ́)

Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí ará Ọ̀fà máa jà lọ. Ní tiwa, ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, ẹṣin ò sì ní klọ́ọ̀ṣì. 😂

Tíṣà, EOD lèmi náà ń wà, ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, Fátè sí Ìpátá sí Ọjà Ọba lójoojúmọ́, gíá ẹ̀ ò tíì yọ mí lẹ́nu ọjọ́ kan. Àmọ́ 2.4 ni tèmi o. Ọkọ mi ló kìlọ̀ fún mi nígbà yẹn pé kí n má fọwọ́ kan V6, mi ò sì bèèrè ìdí. Ẹni tó bá mọ ìdí kó sọ ọ́ fún wa.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (9:05 alẹ́)

Èmi mọ̀ ọ́n, torí gíá ni mò ń tú jẹun. Tíṣà, ẹ kú ìnáwó, ẹ farabalẹ̀ kà á torí ó máa gùn.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ má bi mẹkáníìkì pé mọ́tò wo ló dáa, ẹ bi í pé gíá wo ló wà nínú ẹ̀. EOD 2.4 àti EOD V6, òde ló jọra, inú ò jọra. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, Honda fúnra wọn ló pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan padà, Accord V6 ti 2003 àti 2004 wà níbẹ̀, Odyssey wà níbẹ̀, Pilot wà níbẹ̀, Acura TL àti MDX náà wà níbẹ̀. Gíá kejì ló fà á. Ọ́ìlì ò kí ń dé ibẹ̀ tó, yóò máa gbóná, irin tó bá sì ń gbóná lójoojúmọ́ yóò rọ̀, eyín ẹ̀ á kán, tó bá wá burú jù gíá á gbá mọ́ra lójijì lójú eré. Ẹ fojú inú wò ó ní ọ̀nà Ìdọ̀fìàn pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn bùùtù, tí ẹ bá ti rí V6 níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Altima yẹn, CVT ni. CVT ò ní gíá ọ̀kan gíá èjì bíi tàwọn tó kù. Bẹ́líìtì irin kan ló wà láàárín púlì méjì, púlì kan á máa fẹ̀ kí èkejì máa há, ibẹ̀ ni ìyára ti ń wá, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní gbọ́ kó yí gíá rárá, á kàn máa hó bíi ẹ̀rọ ìlọta. Ó ń dáa lára gan-an nígbà tó bá pé. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ooru, oòrùn Ìlọrin nínú oṣù kẹta kì í sì í ṣe oòrùn kékeré. Nissan alára fi wáráńtì gíá yìí kún dé ọdún mẹ́wàá tàbí máìlì 120,000 fún àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2010. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó: ta ló ń fowó ara ẹ̀ kún wáráńtì nǹkan tí kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ti 2010 yẹn, ọdún mẹ́wàá náà ti kọjá tipẹ́, orí ẹ̀yin nìkan ló kù tó máa rù ú.

Muscle 2.4, gíá oní-ìyára márùn-ún (five-speed) ni, kì í sábà pariwo. Ibi tí tiẹ̀ ti ń dun èèyàn ni ẹ́ńjìnnì. Camry 2.4 ti 2007 sí 2009, púpọ̀ nínú wọn ló ń mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ríìǹgì píṣítìnnì ló ń fà á, Toyota náà gbà bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ṣètò àtúnṣe fún àwọn oníbàárà wọn l'Ámẹ́ríkà nígbà náà. Nítorí náà kò sí èyí tó jẹ́ áńgẹ́lì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Èmi, tó bá jẹ́ owó mi, màá gbé ẹni tó ń mu ọ́ìlì, torí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan ò tó owó gíá.

Oní_Tókunbọ̀_AsaDam (9:18 alẹ́)

Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ ti ń bá ọjà wa jẹ́. Recall 2004, ta ni kò mọ̀ pé àwọn òyìnbó ti tún un ṣe kí mọ́tò tó wọ Náíjíríà? V6 tí mo tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì ń lọ Èkó lọ ń bọ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì ló ń ba gíá jẹ́, kì í ṣe Honda.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (9:26 alẹ́)

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, mi ò ní jiyàn. Èyí tí wọ́n tún ṣe wà, èyí tí gíá ẹ̀ ò sì ní ìṣòro rí wà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò fún Tíṣà, ṣé ó ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ṣe tiẹ̀? Mọ́tò tó ti lé lógún ọdún, tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni márùn-ún, ẹnì kan á ti gbàgbé ọ́ìlì gíá nínú wọn.

Ti pé àwa mẹkáníìkì ń bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. A ò gbọdọ̀ pa irọ́ ní alẹ́ Sátidé.

ỌmọÒmùÀrán (9:40 alẹ́)

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Mọ́tò mi dákẹ́ ní Àjàsẹ́ lọ́dún tó kọjá, pọ́ǹpù fúẹ́lì lásán ni, gíá ò ṣe nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá kan ní òun á fi okùn wọ́ mi dé Ìlọrin, mo fi gíá sí N, mo rò pé mo gbọ́n, a ń lọ a ń ṣeré a ń jẹ gúgúrú. A pààrọ̀ pọ́ǹpù lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì jó, mo fi sí D, mọ́tò dúró. Mo fi sí R, kò mira. Àfi bíi pé mo ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì tú u, gbogbo díìsìkì inú ẹ̀ ti dúdú bí èédú.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù inú gíá ọtọmátíìkì, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú ọ́ìlì ò rìn mọ́, táyà iwájú sì ń yí inú gíá lọ ní gbígbẹ. Àfi kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì iwájú kúrò nílẹ̀ àbí kí wọ́n gbé gbogbo mọ́tò sẹ́yìn ọkọ̀. N ò ní gbàgbé gúgúrú yẹn láéláé.

Bàbá_Kábú_Challenge (10:02 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi. Ohun míì táwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ni pé tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wọ́n á tì í sí N, wọ́n ní àwọn ń dín epo kù. Epo wo lẹ dín kù? Wọ́n tún máa ń fi sí D nígbà tí mọ́tò ṣì ń fẹ̀yìn rìn, kò tíì dúró, "gbà!" lẹ ó gbọ́. Gíá ò ní sunkún lójú yín, ṣùgbọ́n ó ń kà á.

Alhaja_Fátè (10:10 alẹ́)

Ẹ dákun ẹ tún bá mi yanjú eléyìí. Wọ́n sọ fún mi pé tí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì gíá tó ti pẹ́, gíá á kú. Pé ọ́ìlì àgbà ni gíá àgbà ń jẹ. Nítorí ẹ̀ mi ò tíì pààrọ̀ tèmi rí, ọdún mẹ́fà rèé.

ỌmọỌ̀fà_Mọjọ̀ (10:13 alẹ́)

Òótọ́ ni Alhaja, ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó kú ní Tọ́sìdé. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (10:35 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa gíá jù ní ìlú yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Inú gíá, àwọn díìsìkì wà tí wọ́n fi nǹkan bíi páálí bò, wọ́n ń gbá ara wọn mú kí mọ́tò tó lọ. Bí wọ́n ti ń gbó ni lẹ́búlẹ́bú wọn ń wọ inú ọ́ìlì. Gíá tó ti gbó tán, lẹ́búlẹ́bú yẹn ló kù tó ń fún un lágbára díẹ̀ tó fi ń di nǹkan mú. Tí ẹ bá wá fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti ọ́ìlì jáde fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí tó ti sùn sí kọ̀rọ̀ á dìde, á lọ dí ojú ihò tóóró inú valve body (ibi tí ọ́ìlì ń gbà darí gíá), lẹ́búlẹ́bú náà á lọ, gíá tó ti kú tẹ́lẹ̀ á wá mọ̀ pé òun ti kú. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín, ará Ọ̀fà. Ó ti ń yọ̀ (ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò ò ní lọ tó bẹ́ẹ̀) kí wọ́n tó gbé e lọ, àbí kò ń yọ̀?

ỌmọỌ̀fà_Mọjọ̀ (10:37 alẹ́)

…ó ń yọ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (10:51 alẹ́)

Ẹ rí i. Alhaja, tiyín tí kò ń yọ̀ tí kò ń jẹ́ẹ̀kì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Kí wọ́n tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí ohun tó bá fúnra ẹ̀ jáde jáde, ti Honda yín á tó bíi lítà 2.5 sí 3, ti Muscle á tó bíi 3.5, èyí tó kù ṣì wà nínú torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá, tó kún fún ọ́ìlì), kò ní jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ da tuntun tó bá iye tó jáde dọ́gba sí i, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan méjì, ẹ tún ṣe é, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Díẹ̀díẹ̀ ni tuntun á fi gba ipò àtijọ́.

Gbogbo ọ́ìlì tó pupa kọ́ ni ọ̀kan náà o! Honda yín, Z1 ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, DW-1 ló wá rọ́pò ẹ̀. Muscle ń lo WS, Camry Big Daddy ti 2002 sí 2004 ń lo T-IV. Àwọn Hyundai àtijọ́ ń lo SP-III. CVT ti Nissan, NS-2 ni títí dé bíi 2012, NS-3 ni àwọn tó tẹ̀lé e. Mo mọ ẹnì kan tó gbé CVT lọ ṣe sẹ́fíìsì, ọmọ iṣẹ́ bu ọ́ìlì gíá lásán láti inú dúrọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń rọ sí gbogbo mọ́tò, ó rọ ọ́ sí i. Bẹ́líìtì irin tí mo sọ yẹn, ọ́ìlì tiẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó di púlì mú, àṣé ọ́ìlì yẹn ò mọ púlì. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan.

Oní_Tókunbọ̀_AsaDam (10:58 alẹ́)

Tíṣà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ ọ́ìlì ẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó fa gééjì yọ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa rò pé ó kún.

Alhaja_Fátè (11:01 alẹ́)

Rárá o, èmi, kí n pa á ni wọ́n kọ́ mi.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (11:04 alẹ́)

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Toyota tó bá ní gééjì, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́. Honda, ẹ jẹ́ kó gbóná tán, ẹ pa á, kí ẹ tètè fa gééjì yọ, má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Àwọn tuntun míì bíi Camry 2010 oní-ìyára mẹ́fà ò tiẹ̀ ní gééjì rárá, bóòtù kan ló wà lábẹ́ tí wọ́n fi ń wò ó nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé bíi 40°C, ẹni tí kò ní sikánà tó ń ka ooru ọ́ìlì kó má dán an wò.

Tíṣà_Tanke (Sọ́ńdè, 6:50 àárọ̀)

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí màdáámù, ó ti ń yọwọ́ lọ́rọ̀ Altima díẹ̀díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹ̀ ò dùn. Corolla ńkọ́? Ẹnì kan ní òun ní 2006 kan ní Adéwọlé, owó ẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ fún mi pé gíá ẹ̀ ń jẹ́ẹ̀kì.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (Sọ́ńdè, 9:30 àárọ̀)

Kí wọ́n tó tú gíá Corolla yẹn, kí wọ́n yẹ brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì àti gíá) wò. Corolla àti Matrix ti 2005 sí 2008, Toyota pè wọ́n padà ní 2010, ó lé ní mílíọ̀nù kan, torí brain box wọn: iná ẹ́ńjìnnì á tàn, gíá á máa jẹ́ẹ̀kì, nígbà míì mọ́tò ò ní stáàtì, nígbà míì á kú lójú eré. Èèyàn á na ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó sórí gíá tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ tún wo ẹ́ńjìn síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Tí síìtì bá ti já, ẹ ó fi sí R, ẹ́ńjìnnì á fò sókè bí ewúrẹ́ tó rí ajá, oníkálùkù á máa pariwo "gíá! gíá!" nígbà tó jẹ́ rọ́bà lásán ni.

Àmọ́ ìdílé ẹni márùn-ún pẹ̀lú ẹrù Òmù-Àrán, Corolla á há díẹ̀. Iṣu tí ìyá yín máa ń dì fún yín, ibo lẹ fẹ́ kó o sí?

Bàbá_Kábú_Challenge (Sọ́ńdè, 10:15 àárọ̀)

Tíṣà, ẹ gbọ́ tèmi, mi ò mọ WS mi ò mọ DW, ṣùgbọ́n mo ti wa mọ́tò jẹun láti ìgbà tí ẹ̀yin wà nílé ẹ̀kọ́. Àárọ̀ kùtù, tí mọ́tò bá tutù, ni gíá ń sọ òótọ́. Tí ó bá ti gbóná, á ti múra tán láti tàn yín. Torí ìdí èyí, ẹ má sọ aago tí ẹ máa dé fún ẹni tó ń tà á. Tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ tó kí i gan-an, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kí i dáadáa, ẹ máa lọ, ẹ padà wá lọ́jọ́ míì.

Tó bá tutù, ẹ stáàtì ẹ̀, ẹ tẹ búrééèkì, ẹ gbé e láti P sí R, ẹ máa kà: ọ̀kan, èjì. Tó bá ti tó mẹ́ta kó tó gbá yín, ẹ fura. Ẹ gbé e sí D, ẹ tún kà. Ẹ wà á jẹ́jẹ́, ẹ pa rédíò, ẹ pa AC, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á máa bá yín sọ̀rọ̀, torí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ìgbà tí gíá bá fẹ́ yí ni wọ́n máa ń bèèrè iye ọmọ tí ẹ bí. Ẹ wá gbé e jáde sójú títì, ẹ mú un dúró lórí bíi kìlómítà 70 ní wákàtí kan, ẹ fẹsẹ̀ lé e díẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́ jù. Tó bá ń gbọ̀n bí ìgbà tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lórí páànù oníhálíhálí, torque converter ti ń ṣàìsàn nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí kan tó ti gbóná tán, ẹ wá ibi tó gun òkè, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn gùn ún. Èyí tó bá fẹ́ yọ̀ á yọ̀ níbẹ̀.

ỌmọÒmùÀrán (Sọ́ńdè, 10:40 àárọ̀)

Àti rédíétọ̀ o! Ẹ ṣí i, nígbà tó bá tutù o, kí ẹ má lọ jóná. Inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì gíá ti ń lọ tutù ní ọ̀pọ̀ mọ́tò, omi ẹ̀rọ lásán tá a sì ń rọ sí i ló ń jẹ ẹ́ láti inú. Tí ibẹ̀ bá ti lu, omi á wọ inú gíá, ọ́ìlì á dà bíi yógọ́ọ̀tì onípíǹkì. Tí ẹ bá rí àwọ̀ yẹn, ẹ sá.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (Sọ́ńdè, 11:02 àárọ̀)

Bàbá ti parí iṣẹ́. Kí n kàn fi sikánà kún un. Kí ẹni tó bá yín lọ wo kóòdù àṣìṣe gíá, P0700 àti àwọn tó ń tẹ̀lé e, P0741 jẹ́ ti torque converter, P0730 jẹ́ pé gíá ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tà lè ti pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kí ó wo ibi tí sikánà ti ń sọ bóyá mọ́tò ti parí ìdánwò ara ẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá sọ pé òun ò tíì ṣetán, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nu nǹkan nù níbẹ̀.

Tíṣà_Tanke (Jímọ̀, 9:15 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ìròyìn rèé.

Túsìdé mo dé ibi tí Accord wà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Mi ò sọ fún un pé mò ń bọ̀, àmọ́ ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí mi lókèèrè, kí n tó dé ẹnu géètì mo gbọ́ "vuum!" Mo kí wọn, mo ní ìyàwó mi ń pè mí, mo yí padà. Wẹ́sìdé mo gba ẹ̀yìn ọjà, mo dé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù bí òkúta odò. Mo fi sí R, mo ka ọ̀kan, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta, mo ti ń wo ojú ẹni tó fẹ́ tà á kí ó tó gbá mi "gbóò" tí orí mi fi fẹ́ lu sítíà. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mélòó lẹ ní?" Bàbá Kábú, mo rántí yín, ẹ̀rín pa mí, ọkùnrin yẹn ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Muscle ni mo wá lọ wò ní Tọ́sìdé pẹ̀lú mẹkáníìkì kan. Ọ̀kan, ó ti gbá. Jẹ́jẹ́. Lórí 70 kò gbọ̀n. Kò sí kóòdù, ìdánwò ẹ̀ sì ti parí. Mẹkáníìkì tú bóòtù ìsàlẹ̀ díẹ̀, ọ́ìlì gíá jáde, ó ti di àwọ̀ tíì, kò pupa mọ́, ṣùgbọ́n kò rùn bí nǹkan tó jóná. Ẹ́ńjìn síìtì kan ti já. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kéré lórí gééjì, mo bi ẹni tó ni ín, ó sì sọ òótọ́ fún mi pé òun máa ń fi lítà kan kún un kí ọjọ́ sẹ́fíìsì tó pé. Mo dín owó sílẹ̀ nítorí méjèèjì, a jà díẹ̀, ó gbà.

Ó ti wà nílé. Màdáámù ti wà á dé Post Office lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Altima ṣì rẹwà jù ú lọ.

Alhaja_Fátè (9:22 alẹ́)

Ọlọ́run á fi bùkún un o, Tíṣà! Á gbé yín lọ á gbé yín bọ̀. Èmi náà ti pààrọ̀ ọ́ìlì gíá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bá rí àwọ̀ ohun tó jáde, ẹ ó rò pé kọfí ni. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀gá_Gíá_Gànmọ̀ (9:30 alẹ́)

Ẹ kú oríire. WS ni o, ẹ má gbàgbé, kí ẹ sì wà níbẹ̀ fúnra yín nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́. Kí ẹ wo ike ẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ máa fa gééjì yọ ní gbogbo Sátidé tí ẹ bá ń lọ Òmù-Àrán.

ỌmọỌ̀fà_Mọjọ̀ (9:47 alẹ́)

Ẹ kú oríire o. Ẹ jọ̀ọ́, V6 yẹn, ṣé wọ́n ti tà á? Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń wá a o, kì í ṣe èmi.

Tíṣà_Tanke (9:49 alẹ́)

Mánúà títí ayé ńkọ́? 😂 Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn ọjà o, ọmọkùnrin yẹn ń wo ojú títì.